Kílọ́ọ̀ṣì Ọkọ̀ Àtijọ́ Lẹ́yìn Tí Wọ́n Dá Jíábọ́ọ̀sì Padà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọkọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ṣọ́ọ̀bù nítorí síìlì tó ń jò. Wọ́n sọ jíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, wọ́n ṣe é, wọ́n dá a padà, ni gíà bá kọ̀ tí kò wọlé mọ́. Ọ̀rọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà níbí. Toyota HiAce àtijọ́, Peugeot 504 àti Volkswagen Ìjàpá la fi ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù la ó máa lò: tọ́ọ̀pù kílọ́ọ̀ṣì ni sìlíńdà tó wà lókè níbi pẹ́dà, dáàn kílọ́ọ̀ṣì sì ni kékeré tó wà lára jíábọ́ọ̀sì, tó ń ti fọ́ọ̀kì. Ilé kílọ́ọ̀ṣì ni ẹnu jíábọ́ọ̀sì tó fẹ̀ bí agogo. Inú rẹ̀ ni pùréṣọ̀ pílétì ti ń tẹ díìsì mọ́ fúláìwíìlì, irin róbótó tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí. Bí fọ́ọ̀kì bá ti rilíìsì bíárìn lu pùréṣọ̀ pílétì, díìsì á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: ìyẹn là ń pè ní kí kílọ́ọ̀ṣì já.

Gíà kò wọlé rárá látìgbà tí jíábọ́ọ̀sì ti padà. Ṣé ká tún sọ ọ́ kalẹ̀ ni?

Ẹ má tíì fọwọ́ kan bọ́ọ̀tì kankan. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wá fi ọwọ́ wọ gíà kọ̀ọ̀kan láti orí ìkíní dé rífáàsì. Bí gbogbo rẹ̀ bá wọlé pẹ̀lẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, ṣùgbọ́n tí wọ́n kọ̀ tàbí tí wọ́n ń han nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, kílọ́ọ̀ṣì ni kò já. Bí wọn kò bá wọlé bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ wà ní pípa, ẹ fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀: ọ̀pá tí ọwọ́ gíà fi ń pàṣẹ fún jíábọ́ọ̀sì ni kí ẹ wò. HiAce àti 504 tí ọwọ́ gíà wọn wà lábẹ́ sítíárìn ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù, nítorí ọ̀pá méjì ló ń lọ láti òkè dé jíábọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá dá wọn padà láìwo gígùn wọn, tàbí tó gbàgbé bọ́ṣì rọ́bà kan, á wá máa bá kílọ́ọ̀ṣì jà lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀.

Àyẹ̀wò kejì: ẹ ta ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀, ẹ ka ookan dé eéjì, ẹ́ẹ̀ta, ẹ́ẹ̀rin, kí ẹ tó wọ rífáàsì. Rífáàsì ọkọ̀ àtijọ́ kì í ní síńkírónáísà (ohun tó ń mú kí eyín gíà yí bákan náà kí wọ́n tó wọ ara wọn), nítorí náà kì í purọ́. Bó bá han lẹ́yìn tí ẹ ti dúró bẹ́ẹ̀, nǹkan kan ṣì ń yí ọ̀pá jíábọ́ọ̀sì nígbà tó yẹ kó ti dúró.

Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ìta ni àléébù wà tàbí inú ilé kílọ́ọ̀ṣì?

Rúlà ló máa sọ fún yín. Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo èyí tó wà níbí, nítorí òun ló ń gba ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan.

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí sítáǹdì (kì í ṣe jáàkì nìkan), kí ẹnì kan jókòó síbi pẹ́dà, kí ẹnì kejì wà lábẹ́. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ọ̀pá dáàn kílọ́ọ̀ṣì dúró sí. Kí ẹni òkè tẹ pẹ́dà dé ilẹ̀ pátápátá, kí ẹni ìsàlẹ̀ wọn iye tí ọ̀pá náà fi jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó tó báyìí, ó yẹ kó tó nǹkan bí 12 mm tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ 6 tàbí 8, ìta ni àléébù wà: atẹ́gùn, ọ́ìlì tó ń jò, hóòsì tó wú, tàbí pẹ́dà fúnra rẹ̀. Bó bá pé, tí gíà ṣì ń kọ̀, inú ni, ẹ sì lè múra àtisọ jíábọ́ọ̀sì kalẹ̀.

Ọkọ̀ àtijọ́ ní ọgbọ́n àrékérekè kan níbí. Ihò tí píìnì pẹ́dà ń gbà ti di bí ẹyin, bọ́ṣì pẹ́dà ti jẹ, páànù tí tọ́ọ̀pù kílọ́ọ̀ṣì dúró lé ti ya díẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ mílímítà kan tàbí méjì. Kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ti bá wọn mọ́wọ́, ó sì ń já lọ́nà kan ṣáá. Ẹ wá fi tuntun sí i, tó ń béèrè ìrìn tó pé, gbogbo gbèsè náà wá dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ẹnì kan máa wo páànù iwájú láti inú ẹ́ńjìnnì bí wọ́n ṣe ń tẹ pẹ́dà. Bí páànù bá ń mí, wẹ́dà ni iṣẹ́ náà kàn, kì í ṣe mẹkáníìkì.

Pẹ́dà rọ̀, kò ní agbára kankan lábẹ́ ẹsẹ̀. Kí ló fà á?

Atẹ́gùn ló wọlé, pàápàá bí wọ́n bá tú hóòsì dáàn kílọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n ń sọ jíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Kò pọn dandan kí wọ́n tú u. Ẹ lè yọ bọ́ọ̀tì méjì tó dì í mú, kí ẹ fi okùn so ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú hóòsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù: bí ẹnikẹ́ni bá tẹ pẹ́dà nígbà tó so rọ̀ bẹ́ẹ̀, písítìnnì á fò jáde, ọ́ìlì á dà sílẹ̀, rọ́bà rẹ̀ á sì lè fàya. Ẹ fi okùn tàbí rọ́bà táyà wé ọ̀pá náà mọ́ ara rẹ̀.

Bí a ṣe ń fa atẹ́gùn jáde nìyí. Ẹ ra ọ́ìlì bíréèkì tuntun, DOT 3 tàbí DOT 4, ìgò ìlàjì lítà tó. Ẹ kún ike tọ́ọ̀pù kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi hóòsì rọ́bà tí a lè rí inú rẹ̀ bọ ẹnu nípù dáàn kílọ́ọ̀ṣì (bọ́ọ̀tì oníhò tí atẹ́gùn ń gbà jáde), kí ẹ ri orí kejì sínú ìgò tí ọ́ìlì díẹ̀ ti wà. Ẹni òkè á tẹ pẹ́dà jẹ́jẹ́ dé ilẹ̀, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Ẹni ìsàlẹ̀ á tú nípù ní ìlàjì ìyípo, atẹ́gùn á hó jáde, á sì tún dì í KÍ ẹsẹ̀ tó kúrò lórí pẹ́dà. Ẹ tún un ṣe títí tí kò fi ní sí hóhó mọ́. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀karùn-ún ẹ yẹ ike òkè wò, nítorí bó bá gbẹ, ẹ ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbá pẹ́dà lemọ́lemọ́ bí ẹni ń pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́. Ńṣe ni ìyẹn ń fọ́ hóhó ńlá sí wẹ́wẹ́ tí kò fẹ́ jáde.

Bí ẹ bá ti fà á títí tí pẹ́dà kò sì le, ẹ wo bí dáàn kílọ́ọ̀ṣì ṣe dúró. Nípù ló gbọ́dọ̀ wà lókè, hóòsì nísàlẹ̀. Ẹni tó bá gbé ti ọkọ̀ mìíràn wá, tàbí tó yí i dà, á sin atẹ́gùn mọ́ inú rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ tún tú bọ́ọ̀tì méjèèjì, kí ẹ gbé e kí nípù wà lókè pátápátá, kí ẹ fi ọwọ́ ti písítìnnì wọlé dé òpin, kí ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀ bí ẹ ṣe ń fà á.

Àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ti sítíárìn kún un nítorí ti bíréèkì tán. Gbogbo rọ́bà tó wà nínú tọ́ọ̀pù àti dáàn á wú, láàárín ọjọ́ mélòó kan ẹ ó ra méjèèjì.

Pẹ́dà le dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀ ẹ́ dúró ní gò-sílò, á máa rì díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ á sì fẹ́ máa rìn. Ọ́ìlì kò sì jò sílẹ̀.

Rọ́bà inú tọ́ọ̀pù kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ, ọ́ìlì ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ padà sínú ike. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ awakọ̀, ẹ fọwọ́ pa ibi tí ọ̀pá pẹ́dà ti wọ páànù. Ó ṣeé ṣe kí ó tutù. Ẹ tún fà rọ́bà ìta dáàn kílọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn. Bí ọ́ìlì bá dà níbẹ̀, òun náà ti lọ. Bí ọ̀kan bá ti bàjẹ́ nínú ọkọ̀ àtijọ́, ẹ pààrọ̀ méjèèjì.

Ṣé lóòótọ́ ni pé díìsì lè kọjú síbi tí kò yẹ?

Lóòótọ́ ni, ó sì wọ́pọ̀. Àárín díìsì tí sípíríǹgì wà máa ń yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ kan ju ìkejì lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ tó yọ síta náà ló ń kọjú sí jíábọ́ọ̀sì. Àwọn kan ní “FLYWHEEL SIDE” lára, ti Jámánì sì máa ń ní “GETRIEBESEITE”, tó túmọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ jíábọ́ọ̀sì. Bó bá yí padà, ìdí sípíríǹgì á máa gbo orí bọ́ọ̀tì fúláìwíìlì, díìsì kò ní lè kúrò lára rẹ̀ láéláé. Ìrìn dáàn kílọ́ọ̀ṣì á pé, pẹ́dà á le, gíà á sì kọ̀. Kò sí àtúnṣe ìta fún un.

Jíábọ́ọ̀sì kò wọlé tán nígbà tí à ń dá a padà, a wá fi bọ́ọ̀tì fà á pọ̀. Ṣé ìyẹn lè fa wàhálà?

Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ gbogbo wàhálà yín nìyẹn. Bọ́ọ̀tì ilé kílọ́ọ̀ṣì kò sí fún fífa jíábọ́ọ̀sì. Ó wà fún dídì í mú lẹ́yìn tó bá ti fẹnu kan ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Bí àlàfo bá kù, nǹkan kan ló ń dí i: díìsì kò sí láàárín gbùngbùn, eyín ọ̀pá jíábọ́ọ̀sì kò bá ti díìsì mu, wáyà tàbí páànù eruku há sáàárín, tàbí páílọ́ọ̀tì bíárìn (bíárìn kékeré tó wà ní ìdí kíráńkì, ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) kò gba orí ọ̀pá. Ẹni tó bá fi sípánà fà á, etí alumíníọ́mù jíábọ́ọ̀sì á kán, tàbí kí ìdí díìsì tẹ̀.

Ìtẹ̀ yẹn náà ló ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá jẹ́ kí jíábọ́ọ̀sì so rọ̀ lórí ọ̀pá rẹ̀ nínú díìsì nígbà tí ẹ ń wá bọ́ọ̀tì. Ìwọ̀n rẹ̀ tó ọgbọ̀n kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, díìsì sì fẹ́lẹ́. Toyota kò gbà kí ẹnu díìsì yà ju 0.8 mm lọ bí a bá ń yí i. Èyí tó nǹkan bí sísanra káàdì báńkì kan, nítorí náà ojú lásán lè má rí i.

Ọ̀nà tó tọ́: ẹ fi ọ̀pá ìtọ́sọ́nà díìsì há a sáàárín kí ẹ tó fún bọ́ọ̀tì pùréṣọ̀ pílétì. Bí ẹ kò bá ní, ọ̀pá iwájú tí ẹ yọ lára jíábọ́ọ̀sì tó ti kú, tó ní eyín kan náà, dára ju ọ̀pá igi tí wọ́n gbẹ́ lọ. Ẹ fún bọ́ọ̀tì pùréṣọ̀ pílétì ní ìlàjì ìyípo lẹ́ẹ̀kan, láti ọ̀kan sí èyí tó dojú kọ ọ́, títí wọn ó fi le bákan náà. Ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún wọn, 19 Nm ni ti ọ̀pọ̀ Toyota, 25 Nm ni ti Ìjàpá. Ẹni tó bá fún ọ̀kan tán kó tó kan èkejì ti tẹ páànù rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi jáàkì gbé jíábọ́ọ̀sì títí ojú rẹ̀ àti ojú ẹ́ńjìnnì á fi dọ́gba yíká. Ẹ wọ gíà kẹrin, kí ẹ máa yí ìdí jíábọ́ọ̀sì díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń tì í. Eyín á bá ara wọn, á sì wọ̀ lọ.

Dáwẹ̀lì ńkọ́? Èèkàn irin kéékèèké méjì wọ̀nyẹn ló ń mú kí jíábọ́ọ̀sì àti ẹ́ńjìnnì wà ní orí ìlà kan náà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ti tú lẹ́ẹ̀mẹ́rin márùn-ún kò ní i mọ́. Bọ́ọ̀tì nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí, kílọ́ọ̀ṣì á máa gbọ̀n, bíárìn iwájú jíábọ́ọ̀sì á sì tètè kú.

Ìrìn ọ̀pá pé, díìsì kọjú síbi tó yẹ, síbẹ̀ kò já. Kí ló tún kù?

Fọ́ọ̀kì lè ti bọ́ kúrò lórí bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ẹ ṣí rọ́bà ẹnu fọ́ọ̀kì, ẹ tan iná sínú. Bó bá lè mì sókè sódò bó ṣe wù ú, ó ti bọ́. Nígbà míràn bọ́ọ̀lù náà ti jẹ tó fi pàdánù 3 mm, tàbí kí fọ́ọ̀kì ya.

Rilíìsì bíárìn tó kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ wọ́pọ̀ gan-an nínú ẹrù ọjà. Ẹ fi tuntun àti àtijọ́ sórí tábìlì, kí ẹ wọn gíga wọn kí ẹ tó so ó.

Fúláìwíìlì tí wọ́n gbé lọ sí léèdì (ẹ̀rọ tó ń gé irin) náà ní tirẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá gé lára rẹ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì fi sún síwájú, kúrò lọ́dọ̀ rilíìsì bíárìn. Bí fúláìwíìlì yín bá ní àtẹ̀gùn, tí wọ́n gé ojú díìsì nìkan láìgé ojú tí pùréṣọ̀ pílétì jókòó lé, agbára tó fi ń fún díìsì náà á dínkù, ẹ ó sì bọ́ sọ́wọ́ yíyọ̀.

Páílọ́ọ̀tì bíárìn tó gan náà wà níbẹ̀: kíráńkì á máa fi í gbé ọ̀pá jíábọ́ọ̀sì yí bí kílọ́ọ̀ṣì tilẹ̀ já. Ìdí rèé tí a kò fi gbọ́dọ̀ dá jíábọ́ọ̀sì padà láìfi ìka yí bíárìn kékeré yẹn wò.

Bí ọkọ̀ bá ti dúró oṣù mélòó kan nínú òjò, díìsì lè ti lẹ̀ mọ́ fúláìwíìlì nítorí ìpatà. Ẹ mú ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ pa á, ẹ wọ gíà kẹta níbi gbalasa tí kò sí ènìyàn, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀, kí ẹ wá ta ọkọ̀. Á fò síwájú. Bí ẹ ṣe ń rìn pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ máa tẹ tọ̀rọ́tù kí ẹ máa jù ú sílẹ̀, díìsì á já.

Ẹ́ńjìnnì ń pariwo, ọkọ̀ kò sáré.

Kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ẹ máa lọ ní 50 km/h nínú gíà kẹrin, kí ẹ tẹ tọ̀rọ́tù mọ́lẹ̀. Bí ìró ẹ́ńjìnnì bá gòkè tí ìsáré kò bá a gòkè, ó dájú.

Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá pẹ́dà ní àyè díẹ̀ lókè kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Bí kò bá ní rárá, rilíìsì bíárìn ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì nígbà gbogbo, àtúnṣe ọ̀pá tàbí wáyà lásán ló kù. Bó bá ní àyè, ọ́ìlì lè ti dà sí díìsì. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ níhò ìsàlẹ̀ ilé kílọ́ọ̀ṣì: ọ́ìlì jíábọ́ọ̀sì ń rùn bí imí ọjọ́, ti ẹ́ńjìnnì kì í rùn bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló máa sọ síìlì tó ń jò. Díìsì tó ti mu ọ́ìlì, epo bẹntiróòlù kì í wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀bi ọwọ́ tún wà. Pùréṣọ̀ pílétì tuntun máa ń ní ọ́ìlì ìdáàbòbò lára, ó yẹ kí a nù ún kúrò kí a tó so ó. Gíríìsì orí eyín ọ̀pá kò gbọ́dọ̀ ju bí ẹni fi ìka pa á lọ. Èyí tó bá pọ̀, yíyí á fọ́n ọn sí ojú díìsì.

Ọkọ̀ ń gbọ̀n bí mo bá ń já kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ láti gbéra.

Ẹ wo sítíìnì ẹ́ńjìnnì àti ti jíábọ́ọ̀sì kí ẹ tó fẹ̀sùn kan díìsì. Rọ́bà wọn ti gbó, gbígbé sókè gbígbé sílẹ̀ jáàkì sì ti fà wọ́n já. Lẹ́yìn wọn ni ọ́ìlì, dáwẹ̀lì, àti fúláìwíìlì tó ti jóná tó ní àmì aláwọ̀ búlúù. Bó bá jẹ́ pé bí ìsáré ṣe ń pọ̀ sí i ni gbígbọ̀n ń pọ̀, kì í ṣe kílọ́ọ̀ṣì: ẹnì kan dá ṣáàfù ẹ̀yìn HiAce padà láìsàmì sí i tẹ́lẹ̀.

Ariwo wà. Báwo ni mo ṣe máa mọ bíárìn tó ń ké?

Bó bá ń ké nígbà tí ẹ tẹ pẹ́dà díẹ̀ lásán, rilíìsì bíárìn ni. Bó bá ń ké ní gíà òfìfo tí ẹsẹ̀ kò sí lórí pẹ́dà, tó sì dákẹ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, bíárìn iwájú jíábọ́ọ̀sì ni. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí pẹ́dà wà nílẹ̀ tí gíà sì wà nínú ni ariwo ń bẹ̀rẹ̀, páílọ́ọ̀tì bíárìn ni, nítorí ìgbà yẹn ni ọ̀pá dúró tí kíráńkì ń yí lára rẹ̀.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ tún tú bọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ jíábọ́ọ̀sì, kí ẹ fi ìka wò bóyá ẹnì kan rántí bu ọ́ìlì sí i. Ó yẹ kó dé ẹnu ihò.

Ìjàpá mi kò ní dáàn kílọ́ọ̀ṣì. Kí ni mo máa wò?

Wáyà ló ń lò, ẹ́ńjìnnì la sì ń sọ kalẹ̀, kì í ṣe jíábọ́ọ̀sì. Àyè pẹ́dà gbọ́dọ̀ wà láàárín 10 sí 20 mm. Nọ́ọ̀tì elétí méjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì jíábọ́ọ̀sì la fi ń tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo páìpù rírọ̀ tí wáyà ń gbà kọjá kó tó kan jíábọ́ọ̀sì. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ ní 25 sí 45 mm. Bó bá na tàntàn, kílọ́ọ̀ṣì á máa gbọ̀n bí ẹ ti lè pààrọ̀ díìsì tó.

Kí ẹ má sì gbàgbé wáyà áàtì tó so jíábọ́ọ̀sì mọ́ bọ́dì. Bí kò bá sí, iná sítátà á wá ọ̀nà mìíràn padà sí bátìrì, wáyà kílọ́ọ̀ṣì sì lè di ọ̀nà náà. Á gbóná, á jó, á sì lẹ̀ mọ́ inú páìpù rẹ̀. Ẹni tó bá ti ra wáyà kílọ́ọ̀ṣì mẹ́ta lọ́dún kan, áàtì ni kó lọ wò.

504 ńkọ́?

Ṣáàfù ẹ̀yìn 504 wà nínú páìpù irin ńlá kan tó so jíábọ́ọ̀sì pọ̀ mọ́ ìdí ẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí jíábọ́ọ̀sì kò fi ṣeé fà sẹ́yìn lásán. Ẹni tí kò bá fẹ́ sún ìdí ẹ̀yìn á fipá yẹ jíábọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn gan-an ni díìsì fi ń tẹ̀. Ẹ tú páìpù náà dáadáa, ẹ fi jáàkì kan gbé ẹ́ńjìnnì, òmíràn jíábọ́ọ̀sì. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí jíábọ́ọ̀sì dagẹ̀rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ náà. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot ní Kàdúná, nítorí náà ẹ̀yà ara rẹ̀ tó wà lọ́jà ti onírúurú ọdún ni. Ẹ mú ti àtijọ́ dání.

Kí ni mo máa wò bí mo bá lọ ra kílọ́ọ̀ṣì ní Ládípọ̀ tàbí ní Géètì Ìbàdàn?

Ẹ ka iye eyín àárín díìsì, ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé e lé ti àtijọ́. Tòkunbọ̀ díìsì kò burú bí orí ríbẹ́ẹ̀tì (èèkàn tó di ojú díìsì mú) bá ṣì jìn sínú. Toyota ní 0.3 mm ni òpin, ṣùgbọ́n owó jíábọ́ọ̀sì tí ẹ ó tún sọ kalẹ̀ ju owó díìsì lọ, ẹ má ra èyí tó kéré sí 1 mm. Tòkunbọ̀ rilíìsì bíárìn ni kí ẹ má rà rárá.

Ṣé mo lè fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fọn eruku inú ilé kílọ́ọ̀ṣì?

Rárá. Díìsì àtijọ́ lè ní asbẹ́sítọ́ọ̀sì, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì wẹ̀ ẹ́, kí àwọn ọmọṣẹ́ bo imú.

Ìgbà wo ni mo lè padà kó ẹrù?

Ẹ fún díìsì tuntun ní 500 km láàárín ìlú, pẹ̀lú ìgbéra jẹ́jẹ́, láìfa ọkọ̀ mìíràn, láìfi kílọ́ọ̀ṣì di ọkọ̀ mú lórí òkè. Lẹ́yìn 500 km yẹn, ẹ tún wo àyè pẹ́dà. Ti oníwáyà máa ń yí díẹ̀, ẹ sì máa ní láti tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní ìyípo kan tàbí méjì.